Kí ni Ó Lé Ọmọ Kúrò ní Yunifásítì?

Nígbàkúùgbà tí sáà tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ ó rí àwọn ìyá ní ibùdókọ̀ Aramọkọ-Èkìtì pẹ̀lú ẹrù ọmọ wọn: gàrí, ẹ̀wà, òróró, ata tí a ti dín sínú ike, àti fóòmù tí a ká tí a sì fi okùn dì. Àwọn kan ń lọ sí Adó-Èkìtì, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ wà láti ọdún 1982, tàbí kí wọ́n kọjá sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ sí ní 2011. Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè bọ́ sí Iléṣà, láti ibẹ̀ wọn a lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Èkó. Ní ilẹ̀ tí àwọn òbí ti ń ta kòkó àti iṣu láti fi ọmọ sí ilé-ìwé láti ayé Christ's School, Adó-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 1933, kò sí ìrìn-àjò mìíràn tí ó níyì tó èyí.

Bí ọmọ náà bá wá padà wálé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, tí ó ní òun kò lọ mọ́, ohun tí ìyá kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ṣé o fìdí rẹmi ni?" Lẹ́yìn èyí, yóò béèrè bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, a ó wo ikùn rẹ̀. Ìdí kan wà tí ìyá kì í béèrè, tí ọmọ náà kò sì ní dárúkọ rẹ̀ bí a kò bá bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́. Òun ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀, tàbí kí wọ́n kàn fura, pé ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí sí obìnrin bí ó bá jẹ́ obìnrin. Láti ọjọ́ náà ni ilé-ìwé kò ti ṣe é gbé fún un mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe àjèjì sí etí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lè ní kí ni ó kàn yín níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ ń pọ̀n yóò dàgbà. Àti pé ta ni nínú yín tí kò ní àbúrò ọkọ, tàbí àbúrò tirẹ̀, tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó jẹ́ pé ilé yín ni ó ń dé sí nígbà ìsinmi? Èmi kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásí rẹ̀ kọ́ ọ. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ tí ó ní làákàyè, tí a ti san owó rẹ̀, kí ni ó dé tí kò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Vincent Tinto, gbé àlàyé kan jáde ní 1975 lórí ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ láìparí. A sábà máa ń rò pé olódo nìkan ni ó ń sá. Tinto ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọmọ ṣe wà láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ àti olùkọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì bí ìwé tí ó mọ̀ ṣe ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ní ọ̀rẹ́, tí olùkọ́ kan mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì ka ara rẹ̀ sí ọmọ ilé níbẹ̀, yóò fara da ebi, yóò fara da ìdánwò líle. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú wọn, ohun kékeré ni yóò ṣí i nídìí.

Ní 2010 ni àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kan náà bi àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000 léèrè ọ̀rọ̀: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí gbogbo wọn jẹ́ irú ènìyàn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ó sọ pé òun ti rò ó gidigidi láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òun. Ẹ sì rántí pé ibi tí kò sí òfin ẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà ni èyí.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìtàn tí ó tàn kálẹ̀ jù ni ti Bísí Alímì. A bí i ní 1975 ní Múṣìn, ní ìlú Èkó. Ó wọ Yunifásítì Èkó láti kọ́ iṣẹ́ eré orí ìtàgé, ó sì yọrí láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ débi pé ó jáde du ipò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà náà ni ìwé ìròyìn kan nínú ọgbà yunifásítì kọ ọ́ jáde pé ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ni. Kì í ṣe òun ni ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ni ó tú u síta. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni yunifásítì fi gbé ìgbìmọ̀ ìbáwí kalẹ̀ fún un. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dù ú, pé ìwà rẹ̀ kò yẹ ọmọ tí ó jáde ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó sọ pé kò mọ ìwé.

Ní 2004, ó jókòó níwájú Fúnmi Ìyàndá nínú ètò "New Dawn" lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún gbogbo Nàìjíríà pé bẹ́ẹ̀ ni òun rí. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣe irú rẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ikú ni àwọn ènìyàn fi ń halẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn èyí. Ní 2007 ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti tún wọ Birkbeck, ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ sí i lórí ìṣàkóso ìlú.

Ìtàn tirẹ̀ ni a gbọ́ nítorí pé ó parí. Àwọn tí kò parí kò ní ìwé ìròyìn tí yóò kọ nípa wọn. Wọ́n kàn padà sílé ni, wọ́n ní owó kò tó, tàbí pé ara àwọn kò yá, ìyá wọn sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ìyá mọ ohun tí òfin sọ ní àmọ̀dájú, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi òfin dẹ́rù ba ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún wa ní 1916 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìbálòpọ̀ láàrin ọkùnrin sí ọkùnrin. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lu òfin mìíràn kún un. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin àti ọkùnrin, tàbí obìnrin àti obìnrin, tí ó bá ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tí ó bá forúkọ ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tí ó ń kópa nínú rẹ̀, àti fún àwọn tí ó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin náà le, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí a fi ọmọ sẹ́wọ̀n nítorí bí ó ṣe ń rìn, tàbí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, tàbí ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀. Kò sọ pé kí àwọn ará yàrá kó ara wọn jọ na ẹnì kan. Kò sì sọ pé kí ìyá lọ fi ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní 2016, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde pé òfin yìí ti di ohun tí àwọn jàǹdùkú àti àwọn ọlọ́pàá kan fi ń lu ènìyàn, tí wọ́n sì fi ń fipá gba owó. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ní ìlú Oǹdó, àwọn èrò lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn yìí kàn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó. Wọ́n gbé 47 lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni adájọ́ pa ẹjọ́ náà tì, nítorí pé àwọn tí ó pe ẹjọ́ kò múra sí i. Ó lé ní ọdún méjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bọ́ sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dá sáà rẹ̀ padà fún un?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kì í dé ilé-ẹjọ́ rárá. Inú yàrá ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe há tó. Ọmọbìnrin méjì a máa sùn lórí fóòmù kan ṣoṣo nítorí pé ààyè kò sí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan, ìjà yóò dé, bóyá lórí omi tàbí lórí owó gáàsì, ẹnì kan yóò sì pe ẹnì kejì ní lẹ́síbíánì. Ó parí nìyẹn. Wọn yóò sún bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá wọ ilé ìwẹ̀, àwọn tó kù yóò jáde. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà yóò wá bá a ní òru pẹ̀lú òróró. Ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí kí ó má baà pàdé ẹnikẹ́ni. Kò ní lè lọ kàwé ní alẹ́ mọ́. Nígbà tí ó bá yá, kò ní lè wọ kíláàsì tí àwọn ará yàrá rẹ̀ wà. Ìdánwò méjì mẹ́ta yóò bọ́ sọnù, káríófà yóò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, àwa tí a wà nílé yóò sì sọ pé ọmọ yìí kò fi ojú sí ìwé.

Ti ọkùnrin le ju èyí lọ, nítorí pé nínà wà nínú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀: kító. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe ẹ̀tàn tí àwọn kan ń tan ọmọkùnrin lórí fóònù. Ẹni tí a kò mọ̀ rí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò pè é wá sí yàrá kan. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, yóò bá ọkùnrin mẹ́rin márùn-ún. Wọn yóò lù ú, wọn yóò bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó kó gbogbo owó tí ó wà ní báńkì jáde, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn yóò fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Owó wo ni ó máa ń wà ní báńkì akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà? Owó ilé-ìwé tí ẹ san ni. Ọmọ tí ó bá ní owó òun sọnù ní mọ́tò, bí ojú rẹ̀ bá wú, ẹ má ṣe tètè pè é ní òpùrọ́ tàbí oníjìbìtì.

Ẹ má sì rò pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ lára wọn nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀. Òfófó kì í béèrè ẹ̀rí. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó mọ ọbẹ̀ sè, tí kò ní ọ̀rẹ́bìnrin. Ọmọbìnrin tí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù: gbogbo wọn ni wọ́n lè fi orúkọ yìí pè. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó tí ó jẹ́ ọkùnrin a máa di irun bí obìnrin, a máa wọ yẹ̀rì, ìyàwó Ṣàngó ni a sì ń pè é. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa rí ọkùnrin tí ó di irun, wọn kò torí rẹ̀ lé e kúrò nílùú.

Nígbà tí ilé-ìwé bá gbóná báyìí, ilé ni ọmọ yóò bojú wò. Ẹgbẹ́ kan tí ó wà ní Èkó láti 2005, The Initiative for Equal Rights, béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 2019 bóyá wọn yóò gba ẹbí wọn tí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 60 ní àwọn kò ní gbà á. Ní 2017, 83 ni. Iye náà ti dín kù gan-an láàrin ọdún méjì, ṣùgbọ́n 60 kì í ṣe kékeré. Kò dìgbà tí ọmọ ka ìwé kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sọ nígbà tí wọ́n jọ ń wo fíìmù.

Ohun tí àwọn òbí sábà máa ń ṣe ni pé wọn a gbé ọmọ lọ sí orí òkè àdúrà, níbi tí wọn yóò ti fi ebi pa á tí wọn yóò sì nà án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé àwọn àìsàn láti oṣù karùn-ún ọdún 1990. Ohun tí kì í ṣe àìsàn, pàṣán kò lè wò ó sàn. Àwọn mìíràn a sáré wá ìyàwó fún ọmọkùnrin. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé ni kí ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin tí a gbé fún ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí yóò máa wo ara rẹ̀ nínú dígí pé kí ni òun ṣe tí ọkọ òun kì í fi í wo òun, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀ wá?

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, dídá owó ilé-ìwé dúró ni mo kà sí èyí tí ó burú jù, nítorí òun ni àwa fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ohun tí àwọn ará yàrá bẹ̀rẹ̀, ìyá àti bàbá ni ó bá wọn parí. Bí inú ṣe bí yín tó, bí ẹ̀sìn yín ṣe kọ̀ ọ́ tó, ọmọ tí kò ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ kò ní yí padà nítorí pé kò ní i. Yóò kàn di ẹni tí ebi ń pa ní ìlú onílùú ni, lọ́wọ́ àwọn tí yóò fi ebi náà lò ó. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ọmọ bá dé báyìí, tí ẹ sì fura pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ èyí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Ẹ bi í pé, "Ṣé wọ́n nà ọ́? Níbo ni o ń sùn? Ṣé o ń jẹun?" Ẹni tí ó bá dáhùn èyí yóò sọ ìyókù nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e lọ sọ fún aládùúgbò, tàbí ìyá ọkọ, tàbí olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ìjọ yín, láìjẹ́ pé ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ti bàbá rẹ̀ ṣòro díẹ̀, mo mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ọkọ yín, ẹ mọ ìgbà tí ó ṣe é bá sọ̀rọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má san owó lé owó. Ẹni tí ó gba ti àkọ́kọ́ yóò padà wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì wá agbẹjọ́rò lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni fífi fóònù halẹ̀ gba owó jẹ́ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Bí ó bá jẹ́ pé yàrá ni kò ṣe é gbé, yàrá kékeré kan ní ìta ọgbà, bí ó tilẹ̀ gbówó lórí, dínwó ju ọdún tí yóò fi jókòó sílé lọ.

Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá nílò ìsinmi, kí ó má ṣe kàn pòórá kúrò ní ilé-ìwé. Àwọn yunifásítì wa ní ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè kọ̀wé nípasẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun dá sáà kan tàbí ọdún kan dúró. Ẹni tí ó bá kọ̀wé, tí wọ́n sì gbà fún un, yóò bá ààyè rẹ̀ nígbà tí ó bá padà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó kọ gbogbo ìtàn rẹ̀ sínú ìwé náà. Ọmọ tí kò rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta nílò dókítà lóòótọ́, ìwé dókítà sì tó. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé náà gan-an ni kò ṣe é padà sí, ètò wà lọ́dọ̀ JAMB fún ọmọ tí ó fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn. Ìwé àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọn yóò béèrè, ó sì máa ń pẹ́ kí ilé-ìwé tó fi í sílẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá lè fi ojú kan ọgbà náà mọ́, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n lè bá a lọ, kí ó jókòó tì í ní ọ́fíìsì títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kí àyè ìforúkọsílẹ̀ tó tì.